Iná Ẹ̀yìn àti Ìhàn: Orúkọ Fún Àbùkù Ojú Mítà

Bí ojú mítà àsansílẹ̀ bá ṣókùnkùn ní Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, onílé kò ní rí iye iná tí ó kù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí nọ́ńbà 20 tí ó ń tẹ̀. Yóò ní iná rẹ̀ ti kú. Gbólóhùn yìí lè mú kí alátùn-únṣe wá àbùkù sí ibi tí kò sí. Kírísítàlì olómi, irú èròjà tí Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko, kíyè sí ní 1888, kì í tan ìmọ́lẹ̀ rárá.

Àárín gíláàsì méjì ni ó wà. Bí fóltì bá kàn án, mólékù rẹ̀ a yí ìdúró padà, ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ibẹ̀ kọjá a sì dí tàbí kí ó là. Iná díẹ̀ kíún ni ó ń jẹ. Bátìrì kékeré a gbé aago ọwọ́ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n iná tí ń tọ ìhà kan ṣoṣo a máa bà á jẹ́ bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀. Èyí tí ń yí ìhà padà ni a fi ń bọ́ ọ.

Mítà kò ṣeé tú, èdìdì wà lára rẹ̀. Ojú onílà méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ń lò ni ó rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ 16 ni ó sábà ní: ẹsẹ̀ kẹta ń díwọ̀n ìhàn lẹ́tà, méjì ìkẹyìn jẹ́ ti iná ẹ̀yìn. Bí fóltì ẹsẹ̀ kẹta bá ṣì, iná ẹ̀yìn yóò máa tàn roro, lẹ́tà kan kò ní hàn. Ó yẹ, nígbà náà, kí “iná ẹ̀yìn” àti “ìhàn” jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.