Oògùn Ìfọṣọ Tí Ń Fara Pamọ́ Sábẹ́ Omi

Ní Zion Pepe àti ní àwọn ìlú omi yòókù ní etíkun Ìlàjẹ, tọmọdé tàgbà ló mọ ìṣe epo rọ̀bì nígbà tó bá dà sínú omi. Yóò léfòó, yóò sì lẹ̀ mọ́ àwọ̀n àti ọkọ̀. Ó burú, ṣùgbọ́n kò lè fara pamọ́. Oògùn kan wà tí ìwà tirẹ̀ yàtọ̀. Òun ni perchloroethylene, tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ kóòtù àti aṣọ onírun àgùntàn tí omi àti ọṣẹ lè bà jẹ́.

Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1821. Kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ dùn díẹ̀, ó ń tú ọ̀rá kúrò lára aṣọ, kì í sì í gbiná bí bẹntiróòlù. Ìdí nìyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi tẹ́wọ́ gbà á.

Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló wà. Ẹni tó bá ń fa oru rẹ̀ símú yóò ní ẹ̀fọ́rí àti òòyì. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dákú. Òórùn náà tètè ń mọ́ imú lára, tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ pé ewu ṣì wà. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ti omi ló tún wá le jù. Ìwọ̀n lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù 1. Ti lítà oògùn yìí lé ní 1.6. Nítorí náà, rírì ni yóò rì, yóò sì wọ inú ilẹ̀ lọ bá omi kànga. Ní Camp Lejeune, bárékè ọmọ ogun kan ní Amẹ́ríkà, oògùn láti ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ kan nítòsí ba kànga jẹ́. Àwọn ìdílé mu omi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ti àwọn kànga náà pa ní 1985. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí àwọn alágbàfọ̀ jáwọ́ nínú lílò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 10.

Níbi tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, bí i ti etíkun Ìlàjẹ, alágbàfọ̀ kò gbọdọ̀ da àjẹkù oògùn yìí sí gọ́tà tàbí sínú odò. Inú agolo tó dé pinpin ni kó wà, kí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù sì máa wà ní ṣíṣí. Ojú ẹja àti ojú apẹja kò ní rí i bó bá ti rì tán.