Alẹkisáńdíríà: Ìlú Tí Ìtàn Rẹ̀ Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ àti Lábẹ́ Omi

Orúkọ Alẹkisáńdíríà kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ka Ìwé Ìṣe àwọn Àpósítélì. Níbẹ̀ ni a ti bí Àpólò, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ ìlú náà ni Pọ́ọ̀lù wọ̀, èyí tó fọ́ ní Málítà. Òmíràn láti ìlú kan náà ló sì gbé e dé Ítálì. Síbẹ̀, ẹni tó bá dé èbúté Íjíbítì yìí lè máa bèèrè pé níbo ni ìlú àtijọ́ náà wà, nítorí ilé gogoro òde òní ni ojú ń rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èyí tó kù sì ń bẹ nínú òkun.

Alexander, ọba Masidóníà, ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 331 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ní erékùṣù Fárọ́ọ̀sì, níwájú èbúté, ni ilé ìmọ́lẹ̀ tí a kà mọ́ ohun ìyanu méje ayé àtijọ́ wà. Gíga rẹ̀ ju mítà 100 lọ. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló wó o díẹ̀díẹ̀, pàápàá ti ọdún 1303. Ní 1477, Sultan Qaitbay bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi sí ojúkò náà gan-an, ó sì lo díẹ̀ lára òkúta rẹ̀. Àwọn òkúta ńláńlá yòókù wà nísàlẹ̀ omi lẹ́bàá odi náà, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí wọn fínnífínní ní 1994.

Lójú tèmi, ibojì Kom el-Shoqafa ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló já sínú ihò lọ́dún 1900 tí àṣírí ibẹ̀ fi tú. Àjà mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Ẹ ó rí Anubis níbẹ̀, òrìṣà Íjíbítì tí orí rẹ̀ dà bí ti ajá, tó wọ ẹ̀wù ọmọ ogun Róòmù!

Kò jìnnà síbẹ̀ ni òpó òkúta kan wà, nǹkan bí mítà 27 ní gíga, tí wọ́n ń pè ní Òpó Pompey. Orúkọ náà kò tọ̀nà. Diocletian ni wọ́n gbé e ró fún, ọba Róòmù tó bẹ̀rẹ̀ inúnibíni ńlá sí ìjọ ní 303. Àwọn Kristẹni Íjíbítì tí a ń pè ní Copt kò gbàgbé rẹ̀: ọdún 284 tó gorí oyè ni kàlẹ́ńdà wọn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Ọdún Àwọn Ajẹ́rìíkú.

Wọ́n gbà pé Máàkù Ajíhìnrere ló dá ìjọ wọn sílẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni àwọn Júù ti túmọ̀ Òfin Mósè sí èdè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa. Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, ló sì kọ lẹ́tà kan ní 367, èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣẹ́ kù tó ka ìwé 27 Májẹ̀mú Titun gẹ́lẹ́ bí a ṣe ní wọn lónìí.

Bí ẹ bá dé odi Qaitbay, ẹ kíyè sí àwọn kọnkéré ràgàjì tí ìjọba tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Òkun ń ga sí i, ilẹ̀ ìlú náà sì ń rì. Omi iyọ̀ ń jẹ ìpìlẹ̀ àwọn ilé etíkun, àwọn kan sì ti wó. Omi ti bo àjà ìsàlẹ̀ ibojì Kom el-Shoqafa náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2019 ni wọ́n parí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fà á jáde.