Olórin Lójú Ọ̀nà: Láti Ìkòtún Dé Ìlú Òyìnbó

Sátidé lọjọ́ olórin ní Alimọṣọ, l'Ékòó. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹni tó bá dúró ní oríta Ìkòtún á rí bọ́ọ̀sì tí sípíkà, jẹnẹrétọ̀ àti ìlù kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ há ara wọn sáàárín ẹrù. Wọ́n lè máa lọ sí Ìdímù, ó sì lè jẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò. Ibi tí wọ́n ń lọ yé wọn. Ìgbà tí wọn yóò ṣíwọ́ ni kò yé wọn, torí olóde ló ni alẹ́. Bí àwọn àna bá pẹ́ dé, olórin á dúró dè wọ́n. Bí ọ̀rẹ́ olóde kan tó láwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní aago 2 òru, orin tó ti fẹ́ parí á tún gbéra ńlẹ̀, gángan á pè é lórúkọ bàbá rẹ̀, owó á sì máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin.

Gbogbo wa la mọ èyí. Iṣẹ́ kan náà ni mo fẹ́ ká jọ wò bó bá kúrò nílé, tí olórin ń ṣeré ní ìlú kan lónìí, ní ìlú mìíràn lọ́la, títí oṣù á fi parí.

Ẹ jẹ́ ká fi King Sunny Adé, olórin jùjú, ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1982 ni iléeṣẹ́ Island Records gbé awo Juju Music tó kọ jáde. Nígbà tó di 1983, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, African Beats, ti ń káàkiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Nílé níbí, ojú kan awo King Sunny lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dúró, ẹni tó bá sì pè é sóde mọ̀ pé ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Juju Music, ọ̀nà 7 ni wọ́n pín orin sí. Lọ́hùn-ún, gbọ̀ngàn eré ní aago tó gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn, olórin tó bá sì kọjá aago náà lè san owó ìtanràn.

Ta wá ni gángan máa kì? Àwọn tó wà níwájú ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, olórin kò mọ ilé bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Iye tí wọ́n máa san fún un ti wà nínú ìwé àdéhùn kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ní tèmi, ìyẹn dára: owó oúnjẹ onílù kò sí lọ́wọ́ àlejò tó bá láwọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó sọnù níbẹ̀. Orin wa máa ń lágbára sí i nígbà tí ẹni tí a kì bá dìde, tó na ọwọ́ sókè, tí ara ìyàwó rẹ̀ ń yá gágá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Báwo wá ni ọjọ́ kan ṣe ń rí lójú ọ̀nà? Nínú bọ́ọ̀sì tó ní ibùsùn lórí ara wọn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti máa ń sùn, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìlú mìíràn ni ilẹ̀ á ti mọ́ bá wọn. Mánijà á lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: aago tí wọ́n máa já ẹrù, aago oúnjẹ, aago eré, aago tí ọkọ̀ máa gbéra. Ní ọ̀sán, wọ́n á dán ohùn ohun èlò kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó, wọ́n á dúró. Nínú wákàtí 24, orin lè má ju wákàtí 2 lọ. Ìyókù jẹ́ ẹrù, ọ̀nà àti ìdúró, a sì máa ń rò pé iṣẹ́ fàájì ni.

Ti onílù tún yàtọ̀. Awọ mọ ojú ọjọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá rin, awọ gángan á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọlẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú gbóná nígbà òtútù, á gbẹ, á le koko. Ojoojúmọ́ ni onílù ń tún ọsán ìlù fà kí ìlù tó lè sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ní ẹnubodè, ìwé gbọ́dọ̀ wà tó ka ohun èlò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí aṣọ́bodè má bàa rò pé ọjà títà ni.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òfin awakọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nìkan ló lè dé 10. Bó bá ti wakọ̀ fún wákàtí 4 àti ààbọ̀, ó di dandan kó sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Bí ìlú tó kàn bá jìnnà, ẹgbẹ́ á gba awakọ̀ kejì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gbé sípíkà wọlé, tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́jú, òun kan náà ló sábà ń di kẹ̀kẹ́ ìdarí mú láàárọ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ ti sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe olórin sóde ní Alimọṣọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá aago tí eré máa parí fún wọn. Ẹ san owó tó kù kí wọ́n tó di ẹrù. Kí ẹ sì fún awakọ̀ wọn ní oúnjẹ àti ibi tó lè sùn sí kó tó gbéra.