Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìbọ̀wọ̀ fún Ẹ̀sìn Ẹlòmíràn ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ìfaradà ẹ̀sìn ni orúkọ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pe ìwà ẹni tí ó di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n tí kò fi ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ẹ̀gàn dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti sin Ọlọ́run bí ó ti yé e. Inú “fara dà” ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, bí ènìyàn ṣe ń fara da oòrùn tàbí ebi, èyí sì fi hàn pé ìfaradà nìkan kò tó, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá ń fara dà, ìnira ni ó kà á sí. Ohun tí ó ga jù ú lọ ni ìbọ̀wọ̀fúnni, tí í mú kí ènìyàn ka aládùúgbò rẹ̀ sí ẹni iyì, bí kò tilẹ̀ gba ohun tí onítọ̀hún gbà gbọ́.

Ní Òkè-Ọdẹ, ìlú Ìgbómìnà kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Òmù-Àrán àti Èṣìẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ifá, egúngún àti òrìṣà, tí a ń pè ní ìṣẹ̀ṣe nítorí pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni wọ́n ti wà, ni àwọn baba ńlá bá nílẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbilẹ̀ sí i nígbà tí agbára Ìlọrin nà dé ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn náà ni àwọn míṣọ́nnárì gbé ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé dé. Nítorí náà ni ó fi wọ́pọ̀ kí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, kí wọ́n jọ jẹ ẹran Iléyá, kí wọ́n sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì.

Èdè Yorùbá pàápàá jẹ́rìí sí ìbágbépọ̀ yìí. Onígbàgbọ́ tí ó ń gba àdúrà, tí ó ń gbọ́ ìwàásù, tí ó sì ń pe olórí ìjọ rẹ̀ ní àlùfáà tàbí wòlíì, ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wọ èdè Yorùbá ni ó ń lò. Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, mọ iyì irú ìbátan bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1821, àwọn jagunjagun tí àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wọn kó o lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé ààfin Ẹ́míà Ìlọrin ní ọdún 1872, tí òun àti àwọn àáfà jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀, kò bu ẹnu àtẹ́ lu Ìsìláàmù. Ohun tí Bíbélì àti Kùránì jọ sọ ni ó dì mú, bí ọ̀rọ̀ ìbí Jésù àti ti áńgẹ́lì tí onígbàgbọ́ ń pè ní Gébúrẹ́lì, tí Mùsùlùmí sì ń pè ní Jibrílù. Kò sí ẹni tí ó pa ẹ̀sìn rẹ̀ tì níbẹ̀, ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì fi túká.

Èṣìẹ́ tún fúnni ní àpẹẹrẹ mìíràn. Ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni ó wà níbẹ̀, ère ọkùnrin àti obìnrin tí àwọn ará ìlú ti ń bọ tipẹ́tipẹ́. H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ìwé fún ìjọ C.M.S., ni ó ròyìn wọn fún ayé ní ọdún 1933. Ní ọdún 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ ìjọ ni Ramshaw, kì í ṣe abọ̀rìṣà, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí ayé mọ ohun tí ẹlòmíràn bọ̀wọ̀ fún.

Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ti rí ìgbà tí ọ̀wọ̀ yìí yẹ̀. Ní ọdún 2021, àríyànjiyàn lórí híjáàbù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ń lò mú kí wọ́n ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin, ilé-ìwé tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìjọba ń ná owó lé lórí. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjà lórí ọ̀rọ̀ kan náà gba ẹ̀mí ní Ìjàgbò. Ní ọdún 2023, ayẹyẹ Ìṣẹ̀ṣe tí olórìṣà kan fẹ́ ṣe ní Ìlọrin kò wáyé mọ́, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan kìlọ̀ fún un.

Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀sìn, láti pa á dà, àti láti máa ṣe é ní gbangba. Abala 10 sì kọ̀ fún ìjọba láti sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Òfin yìí kò ka orí kí ó tó fúnni ní ẹ̀tọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ara àwọn tí kò pọ̀ níye ni a ti ń mọ ìlú tí ó ní ọ̀wọ̀: Mùsùlùmí níbi tí onígbàgbọ́ pọ̀ sí, onígbàgbọ́ níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, àti oníṣẹ̀ṣe tí kò pọ̀ níbì kankan mọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí kò fi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni gbà pé ọgbọọgba ni gbogbo ẹ̀sìn. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ẹni tí ó gba ọ̀nà Òmù-Àrán wá má ṣe kó ẹ̀gún dí ọ̀nà ẹni tí ó gba ti ìlú Ṣààrẹ́, nítorí pé bí ọ̀nà kan bá dí, ọjà tí gbogbo ìlú ń ná ni yóò tú.