Ìjà Àgbò Onírin: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Nípa Ẹ̀rọ Tí Ń Jà

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ìjà àgbò. Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a fa àgbò wọn jáde, ìwo a máa dún gbàgà lára ìwo, èrò a sì máa hó yèè. Ẹni tí ó bá mọ àgbò kì í wo gígùn ìwo nìkan. Ọrùn ni yóò wò, yóò wo ẹsẹ̀, yóò sì bèèrè bóyá ẹran náà lè kàn ní ìgbà mẹ́wàá kí ó má yẹsẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí jọ ìjà àgbò gan-an, ṣùgbọ́n àgbò tibẹ̀ kì í jẹ koríko. Irin ni. Róbọ́ọ̀tì oníjà ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ tí ó ní orí àti ọwọ́ bí ènìyàn ni mo ń wí. Púpọ̀ nínú wọn rí pẹlẹbẹ bí àpótí, táyà méjì tàbí mẹ́rin wà lábẹ́ wọn, ẹ́ńjìnnì kéékèèké ni ó ń yí táyà náà, bátìrì sì ni oúnjẹ wọn. Ẹni tí ó ni ín dúró sẹ́yìn ògiri tí ó nípọn tí ojú ń ríran kọjá, ó di ohun èlò rédíò mú lọ́wọ́, òun ni ó ń darí rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì a wọ inú àgọ́, wọn a sì jà fún ìṣẹ́jú 3. Èyí tí kò bá lè rìn mọ́, wọn a ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá fún un. Bí kò bá mira, ó fìdí rẹmi nìyẹn. Bí àkókò bá pé tí àwọn méjèèjì ṣì ń rìn, ó di ọwọ́ àwọn adájọ́.

Ará Amẹ́ríkà kan, Ọ̀gbẹ́ni Marc Thorpe, ni a lè pè ní bàbá eré yìí. Ní ọdún 1992, ó ń gbìyànjú láti fi rédíò darí ẹ̀rọ tí ń fa eruku ilẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò ìjà ti sọ sí i lọ́kàn, nígbà tí ó sì di 1994, ó pe ìjà àkọ́kọ́ tirẹ̀ jọ ní ìlú San Francisco, ó sọ ọ́ ní Robot Wars. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ BBC gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba. Ní 1999, àwọn ará Amẹ́ríkà dá òmíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní BattleBots. Èyí tí ó tóbi jù nínú ẹ̀rọ tiwọn lè wọ̀n tó pọ́ńbù 250, èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké wà pẹ̀lú. Ní Ìlú Ọba, ìran kan wà tí kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 150 lọ, òmíràn kò sì gbọdọ̀ ju kílò kan àbọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe é fún owó oṣù. Olùkọ́, mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́, bàbá àti ọmọ, bí ọwọ́ wọn bá ti dilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Ohun tí ó mú mi tọpinpin ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà fún ọdún 3, ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ pé ó tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ òkè lọ́jà Òjé láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún ni ọjà náà ń pé, láti ìtàdógún dé ìtàdógún ni obìnrin yìí sì ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè ra ẹ̀rọ wẹ́dà fún ọmọ rẹ̀. Àfi bí ọmọ ṣe ní kí wọ́n yọ nínú owó náà fún òun, òun fẹ́ kan róbọ́ọ̀tì oníjà. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ jókòó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Tíṣà, gbà mí o! Ọmọ tí mo fi aṣọ òkè tọ́ ní òun fẹ́ fi owó mi ra irin tí irin ẹlòmíràn yóò fọ́!”

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Ìlẹ̀kùn ni à ń jó lójoojúmọ́. Ìlẹ̀kùn kì í sọ fún wa bóyá iṣẹ́ wa dára. Ibi tí a kò jó dáadáa lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kí ó tó já. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí, láàárín ìṣẹ́jú 3, á ti sọ òtítọ́ fún ẹni tí ó ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò dá ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí àwọn méjèèjì fún mi ní ìtàdógún kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Èkíní, ohun ìjà kọ́ ni ó ń mú kí ẹ̀rọ borí, bí kò ṣe kí ó lè dìde. Ní 1998, ẹ̀rọ kan wà ní Ìlú Ọba tí ń jẹ́ Cassius, iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Rex Garrod. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti dojú wọn délẹ̀, ìjà ti parí fún wọn, bí ahun tí a yí padà. Wọ́n dojú Cassius délẹ̀, ó fi apá tí ó fi ń sọ ẹlòmíràn sókè ti ilẹ̀, ó sì tún dìde dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chaos 2, tí Ọ̀gbẹ́ni George Francis ṣe, gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje méjì léraléra. Òun náà ń fi afẹ́fẹ́ tí a há mọ́nú ìgò irin sọ ọ̀tá sókè, ó sì ń fi ohun kan náà gbé ara rẹ̀ nílẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ̀rọ tí ó bá wúwo ju bí òfin ti wí lọ kò ní wọ àgọ́ rárá. Nítorí náà, gbogbo gíráàmù ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo páálí kékeré kan tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Bí omi bá kún inú rẹ̀, kílò 1 ni. Bí ó bá jẹ́ ike líle tí a fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì, kò tó kílò 1. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, kílò 2.7, táítáníọ̀mù, kílò 4.5, irin, ó tó kílò 7.8. Bí ó bá wá jẹ́ òjé, irin rírọ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àdúgbò wa yìí, ó lé ní kílò 11! Bátìrì òjé, irú ti ọkọ̀, ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ṣe eré yìí lò. Bí bátìrì bá jẹ ìwọ̀n tán, kí ni yóò ṣẹ́kù fún ara ẹ̀rọ? Nítorí èyí ni wọ́n fi bọ́ sí bátìrì líthíọ̀mù tí ó fúyẹ́. Ike kẹ́ẹ̀gì tí a kò kà sí pàápàá ní ọlá tirẹ̀. Bí a bá gbá a, a tẹ̀, a sì padà sípò, kì í fọ́ bí awo.

Ẹ̀kẹta, irin tí ó le jù kì í ṣe irin tí ó dára jù. Mo lọ bá alágbẹ̀dẹ àgbàlagbà kan tí ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ àdá. Bàbá náà kò rí róbọ́ọ̀tì rí, ṣùgbọ́n ó mọ ìdáhùn. Ó ní bí a bá ki irin bẹ́ẹ̀ bọ iná títí ó fi pọ́n, tí a tì í bọ òróró, yóò le kankan. Ṣùgbọ́n bí a kò bá dá a padà sí iná díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rọ̀, yóò kán bí ìgbà tí a ṣẹ́ iṣu gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ oníjà ń ṣe abẹ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ní àmì kan: nígbà tí irin bá gbóná dé ibi tí ó yẹ, mágínẹ́ẹ̀tì kì í lè fà á mọ́.

Ẹ̀kẹrin, oríkèé ni ohun gbogbo ti ń bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ń ra aṣọ òkè mọ èyí. Òfì kò tètè ya láàárín. Ojú rírán tí a fi so ọ̀kan mọ́ èkejì ni oníbàárà ọlọ́gbọ́n ń fà wò. Bákan náà ni ẹ̀rọ. Ìró ìkọlù kan ṣoṣo lè já wáyà tí a fà le, ó lè tú nọ́ọ̀tì tí a kò dè dáadáa, ó sì lè ṣẹ́ bóòtì tí a fi gbogbo ẹrù lé lórí. Nítorí náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa ki igun irin bọnú ara wọn kí bóòtì má baà dá ìyà jẹ. Wọn a fi rọ́bà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì àti bátìrì, wọn a sì fi wáyà sílẹ̀ kí ó dẹ̀ díẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ewu rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi abẹ tí ń yí bí òòyì jà. Bí a bá sọ eré abẹ náà di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi gbá nǹkan kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Abẹ bẹ́ẹ̀, bí ó bá já, kò mọ ọmọ, kò mọ ìyá. Kì í ṣe ohun tí a ń dán wò lójúde. Èyí tí ó tún burú jù ni bátìrì líthíọ̀mù. Bí a bá gún un, tàbí tí a fi iná sí i ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó bá wú tí a ṣì ń lò ó, ó lè gbiná, iná rẹ̀ sì ń jó kíkankíkan. Ẹ wo bí ilé wa ti há mọ́ra láti Òjé dé Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ògiri sí ògiri, páànù sí páànù. Ẹ wo ẹrù aṣọ tí ó kún yàrá oníṣòwò. Iná tí ó bá bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ọmọ kan lè di ẹkún agbo ilé.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, àwọn ọmọ tiwa ha ń ṣe irú nǹkan yìí bí? Wọ́n ń ṣe èyí tí ó súnmọ́ ọn. Ní 2016, ìdíje róbọ́ọ̀tì fún ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Dakar. Ní 2017, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kó ọmọ lọ sí ìdíje FIRST Global ní Washington. Ẹ̀rọ tibẹ̀ kò jà. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ṣà, tí ó dúró fún omi mímọ́ àti ìdọ̀tí. Ní Ìbàdàn wa níhìn-ín pàápàá, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ń jẹ́ RAIN, tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì.

Nígbà tí ìtàdógún pé, mo dá ẹjọ́ báyìí. Mo ní ẹ̀rọ wẹ́dà ni a ó kọ́kọ́ rà, a kò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀, nítorí òun ni oko, èyí kejì jẹ́ eré. Bí ọmọ bá ti ń rí owó iṣẹ́ gbà, kí ó yọ díẹ̀ nínú tirẹ̀, kí ó sì ṣe èyí tí kò ju kílò kan àbọ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ fi abẹ tí ń yí sí i. Èyí tí ń ti ọ̀tá, tí ó sì ń gbé e sókè, ni kí ó ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ronú díẹ̀, ó ní: “Kò burú. Ṣùgbọ́n bátìrì yẹn kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá tí aṣọ mi wà.” Ọmọ gbà. Ó ti jó ara ẹ̀rọ náà báyìí, ó jù ú sílẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti dán an wò, ojú ìjórin kan sì là. Ó tún un jó. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà náà, ìlẹ̀kùn tí ọmọ náà ń jó ti yàtọ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ọmọ yín bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá, ẹ má ṣe fi igi lé e, ẹ má sì ṣe fi àpò owó lé e lọ́wọ́. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni yóò ti máa fi iná sí bátìrì? Kí ó jẹ́ ìta gbangba, nínú ìkòkò amọ̀ tàbí àpótí irin, yanrìn nítòsí, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi kún. Ibo ni ó wà tí ènìyàn lè fi fà á yọ kí iná ẹ̀rọ náà kú pátápátá? Bí rédíò bá dákẹ́ lójijì, ṣé ẹ̀rọ náà yóò dúró fúnra rẹ̀? Ta ni àgbà oníṣẹ́ tí yóò máa bojú tó o? Bí ó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó kéré. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kí ó lọ wá ìdáhùn wá. Wíwá ìdáhùn náà pàápàá, ẹ̀kọ́ ni.