Àfòpiná Kékeré Tí Ń Ba Ẹ̀wà Wa Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ iléékéú, ẹ̀yin òbí àti gbogbo ará mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tí kò mọ àfòpiná láàárín wa. Òun ni Lárúbáwá ń pè ní farash, tí Ọlọ́run Ọba fi ṣe àpèjúwe àwọn ènìyàn ní Ọjọ́ Ìkẹyìn nínú Súrà 101. Irú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa ní Ìbàràpá dá mọ̀, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, nítorí ẹ̀wà tí à ń gbìn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Maruca vitrata.

Kò tóbi rárá. Bí ó bá na ìyẹ́, kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n àwọn ojú funfun kan wà lára rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bíi dígí. Ìyẹ́ ẹ̀yìn funfun, ó ń dán, etí rẹ̀ ni ó pọ́n. Bí ó bá bà, ńṣe ni ó máa ń tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Òru ni ó ń fò.

Àfòpiná yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń jẹ ẹ̀wà, ọmọ rẹ̀ ni. Ó ń yé ẹyin sára òdòdó àti ewé. Bí ẹyin bá pa, ìdin tó ní àmì dúdú tótòtó lẹ́yìn á wọ inú òdòdó, á jẹ ẹ́, á fi òwú bíi ti aláǹtakùn so òdòdó mọ́ra, á sì lu èèpo ẹ̀wà tútù wọlé. Àgbẹ̀ á rí òdòdó tó ń rẹ̀ dànù, á ní òjò ni, tàbí ayé ni. Níbi tí ó bá ti pọ̀ jù, ó lè ba 80 jẹ́ nínú 100. Ẹ má ṣe kà á mọ́ kòkòrò tí ń lu ẹ̀wà gbígbẹ nínú àpò; ìyẹn ọ̀tọ̀.

Kí ni a ó ṣe? Bí ẹ̀wà bá ti ń tanná, ẹ máa ya òdòdó díẹ̀ wò kí ẹ tó náwó sí oògùn. Bí ìdin bá wà níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nígbà tí oyin ti lọ sílé. Ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò kí ẹ tó ká ẹ̀wà fún jíjẹ, nítorí májèlé ni. Ní ọdún 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí irú ẹ̀wà kan, SAMPEA 20-T, láti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Saria, tí ìdin yìí kò lè jẹ yó. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba.

Ọmọ tó bá mọ àfòpiná yìí lójú lè gba oko bàbá rẹ̀ là. Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.