Ẹkùn Dúdú: Àwọ̀, Ìbátan àti Ìṣọdẹ Rẹ̀

Ẹkùn dúdú ni orúkọ tí ó bá a mu jù lọ ní èdè Yorùbá fún ẹranko tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní black panther. Kì í ṣe ẹ̀yà ẹranko kan tí ó dá dúró. Ní Áfíríkà àti Éṣíà, ẹkùn gan-an ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ̀ sí Panthera pardus. Ní Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà, jaguar ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Panthera onca. Ohun tí ó ya irú ẹranko bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ láàrin àwọn ẹbí rẹ̀ kò ju àwọ̀ irun ara lọ. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé orúkọ rẹ̀, bí àwọ̀ náà ṣe ń wáyé, ibi tí a ti ń rí i, àti bí ọwọ́ ọdẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Orúkọ

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lo ẹkùn fún ẹranko tí a mẹ́nu bà nínú Jeremáyà 13:23, níbi tí wòlíì ti béèrè bóyá ó lè yí àmì ara rẹ̀ padà. Ìtumọ̀ yẹn tọ́, nítorí ẹranko alámì tótòtó náà gan-an ni àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ nínú igbó, òun sì ni àwọn oníjàlá ń kì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ẹkùn túmọ̀ tiger, ẹranko onílà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Éṣíà, tí kò sí nínú igbó Áfíríkà kankan. Panther ní tirẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo; ilẹ̀ tí a bá ti lò ó ni yóò sọ ẹranko tí a ní lọ́kàn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ black panther kò nílò láti ṣẹ̀dá orúkọ tuntun. Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wádìí. Bí ó bá jẹ́ India tàbí Kẹ́ńyà, ẹkùn dúdú ni. Bí ó bá jẹ́ Brazil, jaguar dúdú ni.

Bí àwọ̀ dúdú ṣe ń wáyé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Lójú ẹni tí kò bá wò ó dáadáa, ẹkùn dúdú ta ko òwe yìí, nítorí pé akọ àti abo ẹkùn alámì lè bí ọmọ tí ó dúdú bí èédú. Ohun tí ó fà á ni mẹ́lánínì, èròjà tí ń fún irun àti awọ ní àwọ̀. Bí mẹ́lánínì bá pọ̀ jù nínú irun, ilẹ̀ ara tí ì bá jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú yóò di dúdú.

Jíìnì, èròjà tí òbí fi ń ta àtaré ìrísí fún ọmọ, ni ó ń darí èyí. Méjì méjì ni ọmọ ń jogún rẹ̀, ọ̀kan láti ara baba, ọ̀kan láti ara ìyá. Lára ẹkùn, jíìnì tí a ń pè ní ASIP ni ọ̀rọ̀ kàn, èyí tí ó sì ń fa àwọ̀ dúdú a máa fara pamọ́: àfi bí ọmọ bá gbà á láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni yóò tó hàn. Bí òbí méjì tí ó jẹ́ alámì bá gbé e pamọ́ sára, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti dúdú. Bí òbí méjèèjì bá dúdú, gbogbo ọmọ wọn ni yóò dúdú. Ti jaguar yàtọ̀. Jíìnì mìíràn, MC1R, ni ó kàn án, ẹyọ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ òbí kan sì ti tó láti sọ ọmọ di dúdú.

Síbẹ̀, àmì ara ẹkùn dúdú kò pa rẹ́. Ó dà bí aṣọ ẹtù. Ẹni tí ó wà lókèèrè yóò rò pé dúdú lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn yóò rí iṣẹ́ ọnà tí ó wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá tàn sí ara ẹkùn dúdú láti ẹ̀gbẹ́, àwọn àmì náà yóò yọ. Òwe náà kò yẹ̀.

Ibi tí a ti ń rí i

Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2017 ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹkùn ní gbogbo àgbáyé, bíi 11 ni ó dúdú. Wọn kò pín káàkiri bákan náà. Inú igbó kìjikìji tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ kì í sì í wọlé dáadáa, ni wọ́n ti pọ̀ jù, pàápàá ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ní ilẹ̀ Màléṣíà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ Kra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹkùn ni ó dúdú. Ní Áfíríkà, wọ́n ṣọ̀wọ́n, àmọ́ a ti rí wọn ní orí òkè Ẹtiópíà àti Aberdare ní Kẹ́ńyà. Ní ọdún 2019, àwòrán ẹkùn dúdú kan tí Will Burrard-Lucas yà ní Laikipia, ní Kẹ́ńyà kan náà, tàn ká ayé. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Laikipia, èyí tí ó fi hàn pé igbó dídí nìkan kò lè ṣàlàyé ibi gbogbo tí àwọ̀ yìí ti ń yọjú.

Ìṣọdẹ

Ẹkùn a máa lúgọ, a máa rákò, kò sì ní fò mọ́ ẹran títí yóò fi sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Bí kò bá lè jẹ ẹran náà tán, yóò padà wá sídìí rẹ̀. Ìpadàwá yìí ni àwọn ọdẹ ń lò láti mú un. Ní India, lásìkò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́yìn rẹ̀, ọdẹ a máa ba sórí igi lókè òkú màlúù tí ẹkùn pa, a sì máa dúró dè é di òru. Kenneth Anderson, ọdẹ àti òǹkọ̀wé tí ó gbé ní Bangalore, fi ẹkùn dúdú kan ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1959, The Black Panther of Sivanipalli. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ayé máa wo ẹkùn dúdú bí ẹranko abàmì.

Ní àwọn ọdún 1960, awọ ẹkùn àti ti jaguar di aṣọ olówó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọjà náà sì gba ẹ̀mí púpọ̀. India fi òfin ọdún 1972 fòpin sí pípa ẹkùn fún fàájì. Àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko igbó, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, fi ẹkùn àti jaguar sí ìpele tí ààbò ti le jù. Síbẹ̀, láti 1983 ni àdéhùn náà ti fàyè gba àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà láti yọ̀ǹda iye ẹkùn kan lọ́dọọdún fún àwọn ọdẹ afẹ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, pípa ẹkùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan. Ọba ni ó ni awọ ẹkùn, ọdẹ tí ó bá sì pa á gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ààfin gbọ́. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tí ó wà nínú ewu ìparun náà dáàbò bò ó. Nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, ẹ̀yà ẹranko ni a dárúkọ, a kò dárúkọ àwọ̀. Ẹni tí ó bá pa ẹkùn dúdú, ẹkùn ni ó pa.

Ìdẹkùn àti kámẹ́rà

Ìdẹkùn oníwáyà ni ó ń ṣe ọṣẹ́ jù ní Éṣíà báyìí. Ẹran tí ènìyàn lè jẹ ni wọ́n sábà máa ń dẹ ẹ́ fún, ṣùgbọ́n ìdẹkùn kò mọ ẹran yàtọ̀ sí ẹran, òkùnkùn tí ń bo ẹkùn dúdú lójú ènìyàn kò sì lè gbà á lọ́wọ́ wáyà. Ẹ̀ya ẹkùn tí ó wà ní Màléṣíà ti wọ ìpele ewu ìparun tí ó le jù lọ kí ẹranko tó tán pátápátá nínú igbó.

Ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀. Àmì ara ni àwọn olùwádìí fi ń dá ẹkùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì nínú àwòrán, kí wọ́n tó lè ka iye wọn. Níbi tí gbogbo wọn ti dúdú, ọ̀kan lè kú sínú ìdẹkùn kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó dín. Ní ìpínlẹ̀ Terengganu ní Màléṣíà, àwọn olùwádìí wá ọgbọ́n dá sí kámẹ́rà wọn, wọ́n mú kí ó máa fi ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí, ya àwòrán tọ̀sán-tòru. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn, àmì tótòtó yọ kedere lára ẹkùn dúdú kọ̀ọ̀kan, ti ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì. Ní ọdún 2015 tí wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde, ó ti ṣeé ṣe láti ka àwọn ẹkùn dúdú ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.